Àwòrán Lọ́yà Lójú Fèrèsé

Bàbá Fótò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi, àmọ́ etí títì gan-an ló wà, láàárín ṣọ́ọ̀bù olóògùn àti ti ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe, ó sì ní fèrèsé onígíláàsì gbàgàdà tó fi ń pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni bá gbéyàwó, ẹni bá bímọ, ẹni bá gboyè, inú fèrèsé yẹn ni ojú wọn máa ń wà fún ìgbà díẹ̀ kí ojú ẹlòmíràn tó gbapò rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gé férémù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Òun náà ló máa ń yẹ àwòrán wò kó tó dé ọwọ́ oníbàárà, torí Bàbá Fótò gbà tọkàntọkàn pé ojú obìnrin náà mú ju ojú kámẹ́rà lọ. Bó bá ti húkọ́ péré, ọkọ rẹ̀ á ti mọ̀ pé ọrùn oníbàárà wọ́, á sì lọ tún un yà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Màdáámù wọlé. Màdáámù ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Òun ló kọ́ Bàbá Fótò ní A, B, D, nítorí náà, pẹ̀lú gbogbo ewú orí ọkùnrin yìí, tó bá ti gbúròó bàtà Màdáámù lẹ́nu ọ̀nà, ńṣe ló máa ń dìde fùú bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ọ̀rọ̀ Lọ́yà ló bá wá. Lọ́yà kì í ṣe agbẹjọ́rò o. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, tí bàbá rẹ̀ ń fi ọkọ̀ gbé búrẹ́dì kiri fún àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, tí ìyá rẹ̀ sì ń lọ aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n sọ ọ́ ní Lọ́yà torí pé láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò tíì sẹ́ni tó bá a ṣẹjọ́ tó jàre. Bí wọ́n bá ní kó lọ sùn, á béèrè ẹni tó sọ fún wọn pé oorun ń kun òun. Bí wọ́n bá ní ó ti jẹ súìtì jù, á ní kí wọ́n mú ẹlẹ́rìí wá. Ọmọ náà gbọ́n, ó yá mọ́ èèyàn, ọkàn rẹ̀ nìkan ni kò bá a ṣe. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni: ọ̀nà kan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ọkàn náà há, bó sì ṣe ń dàgbà ni wàhálà rẹ̀ ń le sí i. Kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré mọ́. Tó bá gun àtẹ̀gùn ilé wọn dé ìdajì, á jókòó, á ní òun kàn fẹ́ wo ìta ni. Dókítà ti wá sọ pé iṣẹ́ abẹ ló kù, ní ilé ìwòsàn ńlá kan nílùú mìíràn, owó rẹ̀ sì kọjá ohun tí ọkọ̀ búrẹ́dì àti áyọ́ọ̀nù lè pa.

Màdáámù ti pe àwọn ará àdúgbò jọ, wọ́n sì ti fẹnu kò pé àwọn máa dá owó náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn fẹ́ tẹ ìwé tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ara ògiri, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ lórí fóònù, àwòrán ọmọ náà ló sì máa wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ Bàbá Fótò nìyẹn.

"Mi ò fẹ́ ẹ̀rín níbẹ̀ o," ni Màdáámù wí. "Ojú àánú ni mo fẹ́. Bí èèyàn bá wo fótò yẹn, kí ọwọ́ rẹ̀ fúnra ẹ̀ máa lọ sápò. Ṣé o gbọ́?"

Bàbá Fótò ní òun gbọ́, mà.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni ìdílé Lọ́yà ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pálọ̀ náà sì ń ta sánsán àwọn aṣọ tí ìyá ọmọ ń gbé bọ̀ wálé láti lọ̀. Ìyá Lọ́yà ti di irun ọmọ náà, ó sì ti wọ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè tó dára jù fún un, aṣọ tí ìlà áyọ́ọ̀nù rẹ̀ mú bí abẹ. Lójú tiẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ya fótò gbọ́dọ̀ múra. Bàbá Fótò dúró, kámẹ́rà lọ́rùn, kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́. Nígbà tó yá, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bóyá aṣọ ilé ni ì bá dára jù. Ìyá ọmọ wò ó, ọ̀rọ̀ náà yé e, kò sì bá a jiyàn. Ó bọ́ aṣọ ìyeyè lọ́rùn ọmọ, ó ká a, ó gbé e sórí àga, ó sì dúró tì í pẹ̀lú ọwọ́ lórí aṣọ náà.

Wọ́n ní kí Lọ́yà fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì ń wo kámẹ́rà.

"Ẹ ò ní kí n rẹ́rìn-ín ni?"

"Kì í ṣe tòní, ọmọ mi."

"Kí ló dé? Gbogbo èèyàn lẹ máa ń ní kó rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, ẹ gbé ṣíbí lé imú kí bàbá mi tó rẹ́rìn-ín."

Bàbá Fótò ṣàlàyé pé àwọn àgbà fẹ́ kí ara tí kò yá náà hàn nínú àwòrán. Lọ́yà ro ó títí. Ó béèrè bóyá bí òun ṣe wà yìí kò fi hàn ni, Bàbá Fótò sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú kámẹ́rà rẹ̀. Ló bá ní ó dáa, òun á gbìyànjú. Ó yí ojú sí fèrèsé. Nísàlẹ̀, àwọn ọmọ ilé náà ń gbá bọ́ọ̀lù, ariwo wọn ń gòkè wá, ó ń gbọ́ ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú ọmọ náà rọ, láìjẹ́ pé ó ń gbìyànjú ohunkóhun mọ́. Ìgbà yẹn ni Bàbá Fótò tẹ kámẹ́rà.

Àwòrán náà jáde dáadáa, ó tiẹ̀ dára jù. Nígbà tó gbé e fún ìyàwó rẹ̀ kó wò ó, obìnrin náà kò húkọ́. Ó gbé e súnmọ́ iná, ó wò ó pẹ́.

"Ẹ ṣe é dáadáa," ló wí. "Ó wá dà bíi pé ọmọ náà ti lọ."

Bàbá Fótò ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, àánú ni wọ́n ń fẹ́, àánú náà sì ni òun yà. Ìyàwó rẹ̀ gbé àwòrán náà sílẹ̀. Ó padà sídìí pákó férémù tó ń gé.

Màdáámù yin àwòrán náà gan-an. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri, lára ògiri olóògùn, lẹ́nu géètì ilé ìwé, lára òpó iná. Owó kọ́kọ́ wọlé bí òjò àkọ́rọ̀. Àwọn èèyàn á wo ìwé náà, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á sọ nǹkan sínú àpótí tí olóògùn gbé sórí tábìlì rẹ̀, wọ́n á sì yára kọjá. Nígbà tó ṣe, wọ́n ń kọjá ṣáá ni. Ojú kì í fẹ́ rí ibi tó ń dùn ún lójoojúmọ́. Bàbá Fótò rí i láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé àwọn kan ti ń gba òdìkejì títì kí wọ́n má bàa kọjá níwájú ògiri náà.

Ọjọ́ kan ni Ìyá Lọ́yà yà sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, kọ́là funfun aṣọ òtẹ́ẹ̀lì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kúnlẹ̀ kí tọkọtìyàwó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún wàhálà tí wọ́n ń ṣe. Ó wá ní òun fẹ́ fi ohun kékeré kan bẹ̀ wọ́n. Ó béèrè bóyá ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ ìwé ara ògiri olóògùn kúrò, torí ibẹ̀ ni òun àti ọmọ máa ń gbà lọ rí dókítà.

"Kò mọ̀ pé òun rí báyẹn," ló wí. "Mi ò fẹ́ kó mọ̀ ọ́n lára ògiri."

Ó fi kún un pé ọmọ tó máa ń wá bá Lọ́yà ṣeré jù lọ kò wá mọ́, torí ìyá rẹ̀ ti fi ìwé yẹn hàn án, ó sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má lọ dá aláìsàn láàmú. Lọ́yà ń béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́. Obìnrin náà tún dúpẹ́ kó tó lọ. Ọpẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí Bàbá Fótò lè jókòó. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Ó jáde síta, ó yọ ìwé ara ògiri olóògùn, ó yọ ti òpó iná, ó rìn dé géètì ilé ìwé, ó sì ká gbogbo rẹ̀ sábẹ́ apá bọ̀.

Ní Sátidé, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀, ó padà lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá ọmọ kọ́ ló bá sọ̀rọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì sọ fún Lọ́yà pé àwòrán tí òun yà lọ́jọ́sí kò tẹ́ òun lọ́rùn, òun sì fẹ́ ya òmíràn tó bá gbà.

Lọ́yà ní kò burú, àmọ́ òun ní àdéhùn.

"Èmi ni màá yan èyí tí ẹ máa gbé síta. Tí mo bá ní ẹ má gbé e síta, ẹ ò ní gbé e síta."

"Mo gbà."

"Ẹ búra."

Bàbá Fótò búra. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn dùn. Bàbá Lọ́yà ti gbé ọkọ̀ búrẹ́dì wálé, ó gbé ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó sídìí ọkọ̀, ó sì fi fìlà rẹ̀ dé e lórí títí dé imú. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e padà sókè, bàbá àti ọmọ sì ta dráàfù lórí bẹ́ẹ̀dì. Kámẹ́rà kàn ń tẹ̀lé wọn ni. Kò sẹ́ni tí wọ́n ní kó yí ọrùn. Ní ìgbẹ̀yìn, Lọ́yà wo gbogbo àwòrán náà bí adájọ́ ṣe ń wo ẹ̀rí. Èyí tó ti sùn lọ, tó la ẹnu sílẹ̀, ó ní kí wọ́n pa á rẹ́ lójú òun. Èyí tó yàn ni èyí tó na ìka sí bàbá rẹ̀ lórí pátákó dráàfù, tí ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú bí ẹni tí wọ́n jí ọkọ̀ rẹ̀ gbé lọ. Ó ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì pè é, Bàbá Fótò kọ ọ́: Bàbá mi ní òun ò pàdánù. Ẹ̀yin ẹ wò ó.

Bàbá Fótò tẹ àwòrán náà tóbi, ìyàwó rẹ̀ fi férémù pupa tó dára jù sí i, wọ́n sì gbé e sáàárín fèrèsé. Atúnbàtàṣe ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé bàtà lọ́wọ́, ó dúró, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ló bá lọ pe olóògùn. Kí ọjọ́ tó rọ̀, èrò ti wà níwájú gíláàsì, wọ́n ń ṣe àríyànjiyàn lórí ẹni tó jàre nínú ayò náà.

Màdáámù dé lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ kò sì dára. Ó béèrè ẹni tó ní kí Bàbá Fótò yọ ìwé tí àdúgbò lẹ̀, ó béèrè ẹni tó máa gbé owó kalẹ̀ fún ọmọ tó ń fi bàbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá Fótò dìde dúró. Ó káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé, àgbàlagbà tòun tewú, àmọ́ ó sọ ohun tí ìyá ọmọ sọ fún un, ó sì sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò wá ṣeré mọ́, Màdáámù yíjú kúrò lára rẹ̀, ó ń wo àwòrán inú fèrèsé. Ó tẹ orí ba láti wò ó dáadáa.

"Ọmọ yìí ti yan bàbá rẹ̀ jẹ," ló wí nígbà tó yá. "Wo ibí yìí. Ọmọ dráàfù yìí kò lè gbabí dọ́hùn-ún."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Màdáámù mọ dráàfù ta. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ló gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, ó ní òun wá tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ìgbà tí àwòrán kejì dé ojú fèrèsé ni àdúgbò tó mọ̀: Màdáámù tó yọ awò ojú, tó ń wo pátákó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó, Lọ́yà sì káwọ́ gbera, ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà pè síbẹ̀ ni pé, Màdáámù ni wọ́n ní ká má parọ́, nítorí náà, mi ò ní sọ nǹkan kan.

Láti ìgbà yẹn, àwòrán inú fèrèsé di ohun tí àwọn èèyàn ń yà wò kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n mọ ọjọ́ tí eyín Lọ́yà yọ. Wọ́n mọ̀ pé kò fẹ́ràn oògùn olómi, pé ó ti pe oògùn náà lẹ́jọ́, ó sì ti pe olóògùn ní ẹlẹ́rìí. Ọmọ tí kò wá mọ́ padà wá, ìyá rẹ̀ ló sì fà á lọ́wọ́ wá. Ẹni tó bá fẹ́ bá Lọ́yà ta dráàfù á kọ́kọ́ sọ nǹkan sínú àpótí, bó bá sì pàdánù, á tún sọ nǹkan sí i, tí ojú bá sì tì í jù, á mú ọ̀rẹ́ wá kí òun nìkan má baà jẹ́ ẹlẹ́yà. Àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ ń pín ọ̀nà búrẹ́dì rẹ̀ ṣe láàárín ara wọn ní ọjọ́ tó bá gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn tó ń fọ àwo ní òtẹ́ẹ̀lì gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé, òtẹ́ẹ̀lì ò ní wó.

Ọ̀sẹ̀ kan dé tí àwòrán kò yí padà. Àwọn èèyàn wò ó lọ́jọ́ Ajé, wọ́n wò ó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ohun kan náà ni. Wọn ò béèrè owó tó ti wọlé mọ́, Lọ́yà ni wọ́n ń béèrè. Bàbá Fótò ní láti máa sọ ọ́ fún ẹni tó bá wọlé pé ètè ọmọ náà dúdú lójijì lọ́jọ́ Àìkú, pé bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ búrẹ́dì gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn, pé wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, pé ó ń mí. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí rárá dúró níwájú fèrèsé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan gíláàsì, ó sì lọ. Ọjọ́ yẹn ni àpótí olóògùn kún tí wọ́n fi ní láti wá òmíràn. Ohun tó kù kò pọ̀ mọ́, Màdáámù sì kó bàtà sẹ́sẹ̀, ó ń lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, títí tí kò fi kù mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó owó náà fún bàbá ọmọ, ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wá lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó ń kó búrẹ́dì jáde, ó ń fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn bó ti ń fún un. Wọ́n gbà á. Kò sẹ́ni tó kọ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, Bàbá Fótò ṣí ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ kò ya ẹnikẹ́ni. Màdáámù jókòó sórí àpótí onítìmùtìmù tí oníbàárà máa ń jókòó sí, atúnbàtàṣe náà gbé iṣẹ́ rẹ̀ wọlé, ó ń lu ìṣó sí gìgísẹ̀ bàtà kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ìṣó. Fóònù wà láàárín wọn lórí tábìlì. Nígbà tó dún, gbogbo wọn ló wò ó, kò sí ẹni tó fẹ́ gbé e. Ìyàwó Bàbá Fótò ló gbé e. Ó gbọ́, ó gbọ́, ó ń mi orí fún ẹni tí kò lè rí i, ó sì jókòó sílẹ̀ gbì.

"Ọkàn náà ń ṣiṣẹ́," ló wí. "Dókítà ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Màdáámù yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì ń nù ún lọ. Bàbá Fótò ní òun ń bọ̀, ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ síbi tí wọ́n ń kó pákó férémù sí. Ìyàwó rẹ̀ bá a níbẹ̀, ó sì di í lápá mú.

Ara ọmọ kì í yára kọ́fẹ padà bí a ṣe fẹ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé Lọ́yà wálé, ó tún pẹ́ kó tó lè gun àtẹ̀gùn láìdúró. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gùn ún dé òkè, ìyá rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, ó sì sunkún bó ṣe ń wù ú. Bàbá Fótò kó gbogbo àwòrán náà sínú àpò ńlá kan, ó gbé wọn lọ fún wọn, ó ní wọ́n ti kúrò ní ti àdúgbò, ti wọn ni báyìí.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé, Bàbá Fótò ń pàtẹ àwòrán ọkọ àti ìyàwó tuntun kan sójú fèrèsé nígbà tí àwọn ọmọ kan sáré kọjá, báàgì ń gbá wọn lẹ́yìn, bàtà ń ró pàkàpàkà lórí títì. Lọ́yà wà láàárín wọn. Kò yíjú wo ṣọ́ọ̀bù, kò kí ẹnikẹ́ni, ó kàn ń pariwo sí ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ pé kó dúró. Ìyá rẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí i, ojú tì í, ó fẹ́ pe ọmọ náà padà kó wá kí àgbà bó ṣe yẹ.

Bàbá Fótò fọwọ́ dá a dúró.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó máa sáré."

Àwọn méjèèjì sì dúró síbẹ̀, wọ́n ń wò ó títí tó fi yà sí kọ̀rọ̀ ilé ìwé.